Abọ́ Tó Dojú Dé ní Ulé Adákẹ́

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn pé ẹ̀gbọ́n mi Ládépọ̀ yóò di ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, ǹ bá bi onítọ̀hún bóyá ó ti mu nǹkan. Ládépọ̀ tí gbogbo garéèjì Ìṣẹ̀ mọ ohùn rẹ̀! Òun ló ń pe èrò níbẹ̀. Tó bá dúró ti ọkọ̀ láàárọ̀, tó la ẹnu, tó ní, "Ìkẹ́rẹ́ ku ẹnì kan! Ẹnì kan péré!", a máa gbọ́ ọ nílé wa lókè, a ó sì mọ̀ pé irọ́ ló ń pa, ẹni mẹ́ta ló kù. Ìyá wa a máa ní lọ́jọ́ tí òun bí i, agbẹ̀bí ló kọ́kọ́ di etí.

Ikú Àríkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ló pa ohùn náà mọ́ ọn lẹ́nu. Wọn kò tíì bímọ. Ládépọ̀ padà sí garéèjì lẹ́yìn ogójì ọjọ́, ó dúró ti ọkọ̀, ó la ẹnu, ohùn kò jáde. Lẹ́yìn ọdún kan, ó kó ẹrù rẹ̀ sínú àpò kan ṣoṣo, ó sọ fún mi pé Ulé Adákẹ́ lòun ń lọ.

Ulé Adákẹ́ ni àwa ará ibí ń pe ilé àwọn mọ́ńkì Kátúsíà, àwọn ẹlẹ́sìn Kátólíìkì tó ń gbé ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, tó wà nínú igbó, láàárín Ìṣẹ̀ àti Ẹmùré, níbi tí oko kòkó parí sí. Ó ní orúkọ tòótọ́ lẹ́nu géètì, ṣùgbọ́n èdè Látìnì ni, ó sì gùn. Mo bínú nígbà náà, n kò ní purọ́. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Tísà ni mí, iṣẹ́ mi ni kí n máa sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kó panu mọ́. N kò ṣe tán láti máa bẹ ẹ̀gbọ́n tèmi pé kó la ẹnu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń gbé níbẹ̀, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní mọ ohun tó kó jìnnìjìnnì bá wa. Fadá mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ilé kékeré tirẹ̀, pẹ̀lú ọgbà bíńtín lẹ́yìn ilé àti ògiri tó ga ju ènìyàn lọ. Ibẹ̀ ni Fadá ti ń gbàdúrà, tó ti ń kàwé, tó ti ń fá pákó, tó ti ń gbin ẹ̀fọ́, tó ti ń dá jẹun. Ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sán àti òru ni wọ́n ń pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì; wọ́n á kọrin, wọ́n á sì túká láìkí ara wọn. Ọjọ́ Ajé nìkan ni wọ́n jọ ń rìn nínú igbó tí àyè sì wà láti sọ̀rọ̀. Wọn kì í jẹ ẹran títí ayé. Lọ́jọ́ Ẹtì, búrẹ́dì àti omi ni. Ẹbí lè wá kí wọn ní ọjọ́ méjì lọ́dún. Yàtọ̀ sí àwọn Fadá, Bùrọ́dà márùn-ún ló ń ṣe iṣẹ́ ilé náà: wọ́n ń dáná, wọ́n ń roko, wọ́n ń tún òrùlé ṣe. Ládépọ̀ wà lára wọn, iṣẹ́ tirẹ̀ sì ni kó máa gbé oúnjẹ káàkiri.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn Fadá kọ̀ọ̀kan, ihò onígun mẹ́rin kan wà lára ògiri. Ó ní ilẹ̀kùn pákó níta, ó tún ní òmíràn nínú, wọ́n sì mọ ọ́n ní wíwọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó wà níta kò fi lè rí ẹni tó wà nínú. Abọ́ Fadá máa ń wà nínú ihò náà, fífọ̀, ojú rẹ̀ lókè. Bí agogo ọ̀sán bá ti ń lù, Ládépọ̀ á bu oúnjẹ sínú rẹ̀, á ti pákó, á kọjá lọ. Nírọ̀lẹ́, á gbé fúláàsì ògì sí i. Bí Fadá bá nílò nǹkan, á kọ ọ́ sórí ìwé pélébé, á fi síbẹ̀. Bó bá sì fẹ́ gbààwẹ̀, á dojú abọ́ dé. Abọ́ tó bá ti dojú dé, ọ̀rọ̀ ti parí: má bu oúnjẹ, má kan ilẹ̀kùn, má béèrè. Olórí ilé, ẹni tí wọ́n ń pè ní Fadá Àgbà, nìkan ló láṣẹ láti ṣílẹ̀kùn ẹni tó wà nínú ààwẹ̀.

Lára àwọn mẹ́sàn-án náà ni Fadá Oyèwọlé, ọmọ Ìkẹ́rẹ́, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbé e mọ́. Ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n ti yọ̀ǹda fún un pé kó máa gbàdúrà tirẹ̀ nílé dípò ṣọ́ọ̀ṣì. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá Fadá Oyèwọlé jí lónìí, abọ́ rẹ̀ ló máa wò. Ládépọ̀ gbé oúnjẹ fún un fún ọdún méje, gbólóhùn kan kò sì kọjá láàárín wọn rí, àfi orí ìwé. "Ata pọ̀ lónìí." "Ẹ̀wà náà jinná dáadáa, ẹ ṣé." Lọ́dún àkọ́kọ́, Ládépọ̀ náà kọ ìwé kan tirẹ̀ sí ihò náà, ó ní òní ló pé ọdún méjì tí ìyàwó òun kú. Láti ìgbà náà, bí ọjọ́ náà bá ti yí po, ìwé pélébé á ti wà lábẹ́ abọ́: "Mo rántí Àríkẹ́ nínú Mísà mi lónìí." Fadá náà kò gbàgbé rí. Èmi tí mo jẹ́ àbúrò ọkọ, mo ti gbàgbé lẹ́ẹ̀mejì.

Ní oṣù kẹfà ọdún tó kọjá, wọ́n ní Ládépọ̀ yóò jẹ́ ẹ̀jẹ́ títí ayé lọ́jọ́ Àìkú kan. Lẹ́yìn ìyẹn, kò tún sí pé ó ń padà bọ̀ wálé. Wọ́n gbà kí n wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú, kí n sùn sí ilé àlejò lẹ́nu géètì. Mo gun ọ̀kadà láti Ìṣẹ̀, mo gbé iṣu méjì àti ọsàn dání. Òjò ọ̀sẹ̀ náà ti sọ ọ̀nà di ẹrẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, agogo ọ̀sán ti lù tán, Ládépọ̀ sì gbé àsáró wá fún mi nínú abọ́ onígi kan.

Mo wo ojú rẹ̀, ebi mi sì lọ.

"Bọ̀ọ̀dá mi, kí ló ṣe yín? Ọ̀la lẹ̀jẹ́ yín, ẹ wá dà bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀ lọ."

Ó jókòó. Wọ́n ti fún un láyè kó bá mi sọ̀rọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ó ní, "Ọmọ́wùmí, Fadá Oyèwọlé ti dojú abọ́ dé. Àná ni mo bá a bẹ́ẹ̀. Ògì tí mo gbé sí i ní urọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, kò fọwọ́ kàn án. Lónìí náà, bẹ́ẹ̀ náà ni."

"Ṣé kò gbààwẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí ni?"

"Ó gbà á rí. Ọjọ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, ó kọ̀wé síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé kí n má jáyà." Ó nu ojú rẹ̀. "Omi sì tún ń ṣàn jáde lábẹ́ ògiri ọgbà rẹ̀. Láti àárọ̀ kùtù. Mo rò pé òjò ni, òjò dá, omi kò dá."

"Omi kí ni?"

"Omi ẹ̀rọ. Ó ní láti jẹ́ pé ó ń bomi rin ẹ̀fọ́."

Mo gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ta ní ń bomi rin ẹ̀fọ́ nínú oṣù kẹfà?"

Ó yọ ìwé pélébé kan lápò, ó fi hàn mí. Àárọ̀ ọjọ́ náà ló ti kọ̀wé sí Fadá Olúṣọlá, igbákejì olórí ilé, torí Fadá Àgbà ti lọ ṣèpàdé ní Ìbàdàn láti Ọjọ́rú, wọn kò sì retí rẹ̀ títí dìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Èsì tí Fadá Olúṣọlá kọ nìyí, lẹ́tà rẹ̀ tò bíi ti ìwé ìtẹ̀: "Ẹni tó ni abọ́ ló dojú rẹ̀ dé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já ààwẹ̀ ẹlòmíràn. Múra sílẹ̀ fún ẹ̀jẹ́ rẹ."

Mo ní, "Ẹ lọ kan ilẹ̀kùn bàbá náà!"

"Òfin ò gbà."

"Òfin ò gbà kí ènìyàn béèrè bóyá àgbàlagbà wà láàyè?"

"Ọmọ́wùmí, sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́."

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́! Bí ìyá wa ṣe sọ ọ́ nìyẹn, kò sì sọ pé àyàfi nínú igbó yìí."

Ohùn mi ti ròkè. Èmi náà ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Ohùn ọ̀hún ló gbé Fadá Olúṣọlá jáde. Ọkùnrin gíga ni, kò ju ẹni ogójì ọdún lọ, aṣọ rẹ̀ funfun láú, ó sì mọ òfin ju ẹni tó kọ ọ́ lọ. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ kú ìrìn ẹrẹ̀."

Mo ní, "Fadá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan ṣílẹ̀kùn Fadá Oyèwọlé wò."

Ó wo Ládépọ̀ bí ẹni tí wọ́n tú àṣírí rẹ̀. Ó ní, "Mà, ẹni tó bá wà nínú ààwẹ̀ ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Bí a bá wọlé tọ̀ ọ́, a ti já a gbà lẹ́nu Ọlọ́run nìyẹn. Fadá Oyèwọlé ti pé ọdún méjìlélógójì nínú ilé ẹ̀sìn. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé wọ́n nílò ìrànlọ́wọ́. Abọ́ rẹ̀ ló fi bá wa sọ̀rọ̀. Ta ni kí n gbà gbọ́ ju òun fúnra rẹ̀ lọ?"

Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gún régé. Bí bàbá náà bá dojú abọ́ rẹ̀ dé lóòótọ́, a jẹ́ pé àwa la ń ya wèrè.

Ládépọ̀ ní, "Fadá, ẹ jẹ́ kí n kan kan ilẹ̀kùn náà. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Ọ̀la lẹ̀jẹ́ rẹ, Bùrọ́dà Ládépọ̀. Ìgbọ́ràn lo fẹ́ jẹ́jẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí o kò bá lè gbọ́ràn títí Fadá Àgbà á fi dé nírọ̀lẹ́, kí lo fẹ́ bá Ọlọ́run sọ lọ́la?" Kò pariwo. Ó dúró tì wá, ó ń retí kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú náà pé.

Ẹ̀gbọ́n mi tẹrí ba. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi sí i pọ̀. Ọdún méje ló fi gbé oúnjẹ kiri nínú òjò àti ọyẹ́ nítorí ọjọ́ Àìkú yẹn, mo sì mọ̀ pé bó bá pàdánù rẹ̀, kò ní ibòmíràn tó lè lọ. Garéèjì kọ́. Ilé tí Àríkẹ́ kò sí mọ́ kọ́.

Mo gbé abọ́ àsáró, mo lọ sídìí ẹ̀rọ omi ìta. Mo fọ̀ ọ́. Mo gbọn omi rẹ̀ nù. Mo dojú rẹ̀ dé sórí pèpéle, mo sì nu ọwọ́ mi.

Nígbà tí mo gbójú sókè, Ládépọ̀ ń wo ọwọ́ mi. Ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀.

"Kí lo ṣe yẹn?"

"Kí ni mo ṣe?"

"Abọ́ yẹn. Kí ló dé tí o fi dojú rẹ̀ dé?"

Ìbéèrè òmùgọ̀ ni, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi rẹ́rìn-ín. Àwa méjèèjì la jọ jẹ ìgbájú lórí abọ́ nílé ìyá wa. Obìnrin yẹn kò lè rí abọ́ tí wọ́n fọ̀ kí ojú rẹ̀ wà lókè. Ó ní alángbá á gùn ún, ó ní eku á yàgbẹ́ sí i. Bó bá bá ọ̀kan bẹ́ẹ̀, abọ́ á kọ́kọ́ gbọ́ tirẹ̀, ìwọ náà á sì wá gbọ́ tìrẹ. "Abọ́ tí mo fọ̀ ńkọ́? Ṣé kí n wá dá ojú rẹ̀ sókè kí ọmọńlé wọnú rẹ̀ ni?"

"Olúa mi," ni Ládépọ̀ wí. "Ọmọńlé."

Ó di ògiri mú. Ó yíjú sí Fadá Olúṣọlá, ọ̀rọ̀ sì ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ó ní nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, òjò ń rọ̀. Òun ṣí ihò oúnjẹ Fadá Oyèwọlé láti gbé ògì sí i. Ọmọńlé kan sá jáde nínú abọ́, ìgbẹ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Òun fi omi òjò ṣan abọ́ náà, òun dá a padà síbẹ̀, òun gbé fúláàsì tì í, òun sì ti pákó. Ó ní, "Mo dojú rẹ̀ dé, Fadá. Ọwọ́ mi ló dojú rẹ̀ dé. Èmi ni. È é ṣe bàbá náà. Kò sọ nǹkan kan fún wa!"

Mo rí i tí ẹ̀jẹ̀ kúrò lójú Fadá Olúṣọlá. Bí abọ́ kò bá sọ̀rọ̀, a jẹ́ pé láti ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, kò sí ẹni tó gbúròó Fadá Oyèwọlé. Ọjọ́ méjì gbáko. Wọ́n gbé oúnjẹ dé ẹnu ògiri rẹ̀ lánàá, wọ́n gbé e dé ibẹ̀ lónìí, wọ́n sì gbé e lọ.

Ládépọ̀ kò dúró gbàṣẹ. Ó sáré. Bàtà rẹ̀ kan bọ́ sílẹ̀ ní géètì inú, kò mú un. Fadá Olúṣọlá ké pè é lẹ́ẹ̀kan, "Bùrọ́dà!", lẹ́yìn náà òun náà ká aṣọ funfun rẹ̀ sókè, ó sáré tẹ̀lé e.

Ó ku èmi nìkan. Obìnrin kì í kọjá géètì inú, wọ́n fi ọ̀dà pupa fa ìlà síbẹ̀. Mo dúró sẹ́yìn ìlà náà, mo di irin géètì mú. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn, gbà, gbà, gbà. Mo gbọ́ tí wọ́n fa àkàbà lórí òkúta. Lẹ́yìn náà, n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Mo bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ burúkú lọ́jọ́ náà, kó foríjì mí. Mo ní bó bá jẹ́ pé òkú bàbá náà ni wọ́n bá, kí ló fẹ́ kí n fi Ládépọ̀ ṣe? Ṣé kí n mú un lọ sílé báyìí, pé abọ́ tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ láti fọ̀ ló fi pa ènìyàn?

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ.

"Ó wà láyé o! Ẹ gbà wá o! Ẹ wá o!"

Ohùn garéèjì ni. Ohùn tí n kò gbọ́ láti bí ọdún mẹ́jọ, tó la igbó náà já débi pé àwọn ẹyẹ àgbìgbò fò kúrò lórí igi. Mo bú sẹ́kún. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, ilẹ̀kùn tí kì í ṣí ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀. Àwọn Fadá ń jáde. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí òkúta.

Orí àpáta kan lẹ́yìn ilé àlejò nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Mo fi ọwọ́ àti orúnkún gùn ún, mo pe Bámigbóyè, awakọ̀ tó bá Ládépọ̀ ṣiṣẹ́ ní garéèjì nígbà kan. Mo ní, "Já èrò sílẹ̀, kó o máa bọ̀." Kò bi mí léèrè ìdí. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, ọkọ̀ rẹ̀ ti dé, ẹrẹ̀ dé fèrèsé, èrò kan tó kọ̀ láti bọ́ sílẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn pẹ̀lú àpò gàrí.

Orí ilẹ̀kùn ni wọ́n gbé Fadá Oyèwọlé jáde sí, ilẹ̀kùn tiẹ̀ gan-an, tí wọ́n yọ lára férémù. Ó ti rọ bí ewé. Ètè rẹ̀ là, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kọjú síbi tí ẹsẹ̀ kì í kọjú sí. Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, nínú òjò, ló yọ̀ ṣubú nínú ọgbà. Eegun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́. Títí di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ló fi ń wọ́ ara rẹ̀ dé ìdí ẹ̀rọ omi, ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá péré. Ó ń fi òkúta lu garawa. Ṣùgbọ́n agogo ọ̀sán ń lù lọ́wọ́, òun ló sì ń lù bí Ládépọ̀ bá ń ṣí ihò oúnjẹ. Ó gbọ́ tí pákó ṣí. Ó gbọ́ tó padé. Nígbà tí agogo dákẹ́, ẹsẹ̀ ti kọjá lọ. Ó ké, ohùn rẹ̀ kò kọjá ògiri. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí kò lè ké mọ́, ó ṣí omi náà pátá, ó jẹ́ kó máa ṣàn, bóyá ẹnì kan á rí i.

Ládépọ̀ ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Ó ń sunkún, ó ń sọ ọ́ lásọtúnsọ: "Èmi ni mo dojú rẹ̀ dé, Fadá. Èmi ni. Ẹ foríjì mí."

Bàbá náà wá ohùn títí. Mo sún mọ́ ọn, mo gbọ́ ọ. Ó ní, "Bí ohùn rẹ ṣe rí nìyẹn?"

Bámigbóyè fò wọ ọkọ̀. Ládépọ̀ fẹ́ bá wọn lọ, ó sì wo Fadá Olúṣọlá, torí kò tíì gbàṣẹ. Fadá Olúṣọlá bọ́ bàtà tirẹ̀, ó fún un. Ó ní, "Máa bá a lọ." Lẹ́yìn tí ọkọ̀ lọ tán, ó dúró nínú ẹrẹ̀ láìwọ bàtà, ó sọ fún mi pé, "Mà, mo kàn gbàgbọ́ pé abọ́ kò lè purọ́." Mo ti ní èébú tó pọ̀ nílẹ̀ fún un, n kò lè sọ ọ̀kan nínú rẹ̀.

Kò sí ẹ̀jẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Fadá Àgbà dé, ó gbọ́, ó pe gbogbo wọn jọ. Ládépọ̀ jẹ́wọ́ lórí ìkúnlẹ̀, Fadá Olúṣọlá sì kúnlẹ̀ tì í láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó kúnlẹ̀. Fadá Àgbà sún ẹ̀jẹ́ náà síwájú. Kì í ṣe ìyà, ni ó wí. Ó ní ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń gbọ̀n kì í jẹ́jẹ̀ẹ́ títí ayé. Ó sì fi òfin tuntun kan lélẹ̀ nínú ilé náà: abọ́ ì báà dojú dé lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹni tó gbé oúnjẹ wá gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn, ẹni tó wà nínú gbọ́dọ̀ kàn án padà.

Oṣù mẹ́rin ni Fadá Oyèwọlé lò ní ilé ìwòsàn àti lọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́. Gbogbo wọn ló rò pé ibẹ̀ ni yóò kù sí. Ládépọ̀ rù, kò rí oorun sùn. Lọ́jọ́ ìbẹ̀wò mi nínú oṣù kẹsàn-án, ó ní bí òun bá fẹ́ ṣí ihò oúnjẹ báyìí, òun máa ń kọ́kọ́ fetí lẹ́ pákó náà. Ó ní ó ṣeé ṣe kí òun bá mi padà sílé. N kò mọ èyí tí mo fẹ́. Ọdún méje ni mo fi gbàdúrà pé kó padà, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ìpadàbọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nínú oṣù kẹwàá, bàbá náà padà wá pẹ̀lú ọ̀pá irin onẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Òun ló ní kí wọ́n gbé òun padà sílé òun, ó sì ní Bùrọ́dà Ládépọ̀ ni kó máa gbé oúnjẹ fún òun, bí kì í bá ṣe Ládépọ̀, òun kò ní jẹun. Ọ̀sẹ̀ méjì ni gbogbo nǹkan fi lọ bó ṣe yẹ. Ojú abọ́ wà lókè, ata pọ̀, ata kò tó.

Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, agogo ọ̀sán lù, Ládépọ̀ fa pákó. Abọ́ dojú dé.

Ó ní ìkòkò ẹ̀wà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun. Òun kò lè kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀rù ń ba òun pé òun á kàn án, ẹnikẹ́ni kò sì ní dáhùn. Ó pẹ́ kó tó rí etí ìwé tó yọ lábẹ́ abọ́. Ó fà á yọ.

Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi báyìí. Wọn kì í ní ohun ìní níbẹ̀, Ládépọ̀ ló ní kí n bá òun tọ́jú rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ rẹ̀. Ó wà nínú Bíbélì mi. Lẹ́tà àgbàlagbà ni, ó ń gbọ̀n díẹ̀: "Ládépọ̀, èmi ni mo dojú rẹ̀ dé lọ́tẹ̀ yìí. Ààwẹ̀ ni lóòótọ́. Mo wà láàyè. Máa bá tìrẹ lọ."

Ẹ̀gbọ́n mi ní òun kà á lẹ́ẹ̀mejì, òun fi sápò. Lẹ́yìn náà, òun gbé ìkòkò sílẹ̀, òun dúró kí agogo dákẹ́ tán, òun sì kan ilẹ̀kùn, títí òun fi gbọ́ ọ̀pá irin lórí ilẹ̀, àti ọwọ́ bàbá náà tó kàn án padà láti inú.